Ìfun Ò Sùn

Mo jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ tó kàn mí lọ ní ìdíkọ̀ Ìkàtẹ́ lọ́jọ́ kan, torí mo fẹ́ gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ ìyàwó bíríkìlà kan àti àǹtí kan tí wọ́n jọ dúró.

"Ọkọ ẹ ò tíì mọ adùn oúnjẹ látìgbà àìsàn yẹn?"

"Àǹtí, ó ń da ṣúgà sí gàrí bí ẹni ń da yanrìn sí kọnkéré, ó ní kò tíì dùn. Mo gba ṣúgà lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ṣúgà tí ẹnu ò mọ̀, kí ló fẹ́ fi ara ṣe?"

"Háà! Dókítà ní ohun tó ń tọ́ nǹkan wò lórí ahọ́n, irú ẹ̀ wà nínú ìfun. Tí ṣúgà bá débẹ̀, wọ́n á ránṣẹ́ sí ara pé ó ti dé. Ahọ́n ló sùn, Àǹtí, ìfun ò sùn! Mo wá ń se ẹ̀fọ́ àtẹja fún un, mo sì ń sè é kó dùn."

"Fún ẹni tí ò mọ adùn?"

"Láàárọ̀ yìí, ó ti àwo padà sí mi. Ó ní, 'Iyọ̀ yìí ti pọ̀ jù!'"

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo kúnlẹ̀, mo ní, 'Alhamdulillahi! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wí!'"