Lẹ́tà Tó Wọ Bàtà

Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Ìkòtún ni mo ti gbọ́ tí ìyá oníbúrẹ́dì kan ń bá ọkùnrin tó bá a ya iṣẹ́ ara ọ̀rá búrẹ́dì rẹ̀ tuntun jà.

“Ta ló ní kó o pààrọ̀ lẹ́tà mi?”

“Mà, ti àtijọ́ yẹn ti gbó. Èyí ló wà lóde.”

“Tín-ín-rín báyìí? Lẹ́tà tèmi sanra, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ní ìlà pẹlẹbẹ nísàlẹ̀, bí ẹni tó wọ bàtà!”

“Orúkọ yín náà ṣá ni mo kọ síbẹ̀.”

“Ta ló ń ka orúkọ? Ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ò mọ̀wé. Lẹ́tà tó wọ bàtà yẹn ni wọ́n fi ń dá búrẹ́dì mi mọ̀. Wọ́n ti ń pè é ní ayédèrú báyìí, kò tà mọ́, ó sì ti ń bu sílé, jàre!”

Ọkùnrin náà fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

“Ẹ jókòó, mà. Ẹ fi èyí tí ẹ ń wí hàn mí.”