Irin Bàtà Orest Kò Jẹ̀bi

Ẹ̀yin ará Zorya, ẹ má kan orúkọ mi mọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn yìnyín yìí láti fi bọlá fún mi. Dókítà ti ní ẹ̀dọ̀fóró mi kò ní bá mi dé ìgbà ooru, n kò sì ní gbé irọ́ wọ ibojì. Ara mi ń kó mi nírìíra.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé èmi Nestor ni mo ń tọ́jú yìnyín tí a ń gbá họ́kì lórí rẹ̀ níbí. Lọ́dún tí a gba ife-ẹ̀yẹ kan ṣoṣo tí a ní, àwọn ọmọ Brenlea ni a bá pàdé ní àṣekágbá họ́kì. Wọ́n ń sáré bí ìjì, àwọn tiwa sì wúwo bí àpò ọ̀dùnkún. Clem, olùkọ́ni wa, wá bá mi nídìí ẹ̀rọ tó ń mú yìnyín dì.

"Ọ̀gá mi, jẹ́ kí yìnyín yẹn rọ̀ díẹ̀. Kí ẹsẹ̀ wọn máa rì."

"Orest tiwa ńkọ́? Òun náà ń sáré bíi tiwọn."

"Ibà ti dá a dúbúlẹ̀. Kò wá lónìí."

Mo dín òtútù ẹ̀rọ kù, mo da omi gbígbóná léraléra sí igun tí wọ́n ti máa ń ṣẹ́rí. Mo tún ń súfèé. Ẹ gbọ́, mo ń súfèé!

Eré kò tíì bẹ̀rẹ̀ tí Orest fi wọlé, ó ń wúkọ́. Dmytro bàbá rẹ̀, tó ń pọ́n irin abẹ́ bàtà tí a fi ń yọ̀ lórí yìnyín fún gbogbo ẹgbẹ́ wa, tẹ̀lé e. "Ṣé ibà lásán ló máa dá ọmọ mi dúró?" ló ń sọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wo Clem, Clem mi orí, mo sì panu mọ́. Àgbàyà ni mí.

Kò pẹ́ tí Orest fi ya sí igun yẹn. Irin bàtà rẹ̀ rì, ẹsẹ̀ dúró, ara yí. Gbogbo wa la gbọ́ ìró orúnkún náà.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Dmytro kúnlẹ̀, ó fi àtàǹpàkò yẹ ẹnu irin náà wò. "Èmi ni. Mo pọ́n ọn jù, òun ló fi wọ inú yìnyín. Nestor, ìwọ lo mọ yìnyín, àbí èmi kọ́ ni mo fà á?" Mo gbá a léjìká, mo ní, "Dmytro, kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe."

Ẹ tutọ́ sí mi lára. Kò pọ́n bàtà ẹnikẹ́ni mọ́ títí ó fi kú. Gbogbo Kérésì ló ń gbé ẹran tí wọ́n fi ewé kábéèjì wé wá fún mi, ó ń dúpẹ́ pé èmi nìkan ni n kò bú òun. Mo ń jẹ ẹ́, mo ń lá ìka.

Lánàá mo sọ fún Orest. Ó fara ti ọ̀pá tó fi ń rìn láti ọjọ́ náà.

"Bàbá mi sunkún, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi kó tó kú. Mo ní mo ti dárí jì í." Ọmọ tí kì í pè mí láìfi "Bàbá" ṣáájú orúkọ mi wá wò mí bí ẹni wo ìgbẹ́. "Nestor, kí ni bàbá mi ṣe tí mo fi dárí jì í?"

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹni bá ní kí ẹ dákẹ́ nítorí ife-ẹ̀yẹ, ẹ sá fún un. Ní tèmi, ọ̀dọ̀ Dmytro ni mò ń lọ. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó?