Àrokò Ìyá Mi Tí Mi Ò Lè Kà

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Mo sọ ọkùnrin kan di òpùrọ́, bẹ́ẹ̀ òtítọ́ ló sọ. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá. Bí mo bá tún dákẹ́ di ọ̀la, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn ni n óò dá lé e.

Ilé kéú ni mo dàgbà sí. Mo ka Kùránì parí, mo gba láwàní, wọ́n ń pè mí ní àlùfáà nígbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì kún. Mo gbéra ga, ẹ má bínú. Àrokò tí àwọn èèyàn wa fi ń ránṣẹ́ síra wọn, mo kà á sí nǹkan aláìmọ̀wé.

Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wọn ní Ayépé. Lọ́jọ́ kan, Ṣówándé, tí gbogbo ọ̀nà yẹn mọ̀ sí ẹni tí kì í fi kún iṣẹ́ tí a bá rán an, bá mi láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ó gbé àrokò kan fún mi: owó ẹyọ méjì tó kọjú síra, èédú, ìyẹ́ adìyẹ àti ègé ẹní gbígbó, gbogbo rẹ̀ lórí okùn kan.

Ó ní, “Ìyá yín ló rán mi. Kí ni kí n sọ fún wọn?”

Mi ò mọ ohun tó ń wí. Gbogbo ojú ló wà lára mi. Mo ní, “Mo ti gbọ́. Ẹ bá mi kí wọn.”

“Kíkí nìkan, àlùfáà?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ju àrokò náà sínú àpò mi. Ìtìjú ò jẹ́ kí n bi ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Ó ní ìyá wa ti kú, ó ní ọ̀nà ni wọ́n ń wò títí ẹ̀mí fi bọ́. Ó bi mí pé ṣé Ṣówándé ò dé ọ̀dọ̀ mi ni. Háà! Ohun tó jáde lẹ́nu mi ya èmi fúnra mi lẹ́nu. Mo ní, “Kò dé.” Ẹyin lohùn, ẹ̀yin èèyàn mi.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó mi, tí kò fọwọ́ kan wàláà kéú rí, rí àrokò náà nínú àpò. Ó figbe ta. “Yéè! Ta ló wà lórí ẹní àìsàn? Ayé ti ṣókùnkùn mọ́ ọn, ó ní kí wọ́n sáré wá, kí òun rí ojú wọn!” Kò tilẹ̀ ronú kó tó kà á. Mo purọ́ pé ojú ọ̀nà ni mo ti rí i he.

Kò sẹ́ni tó rán Ṣówándé níṣẹ́ mọ́. Ó búra títí. Wọ́n ní ṣé òun ni àwọn yóò gbà gbọ́ ni, àbí àlùfáà?

Lónìí, ó wá bá mi. Ó ti darúgbó. Ó ní, “Àlùfáà, bóyá lóòótọ́ ni mi ò dé ọ̀dọ̀ yín. Bóyá orí mi ló dàrú lọ́jọ́ náà. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó dárí jì mí.”

Ẹ gbà mí! Ó ti ń gba irọ́ mi gbọ́.

Mo ní kó padà wá lọ́la, lẹ́yìn ìrun àsárì. Ìwé tí mo kà pọ̀, ṣùgbọ́n n kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé “mi ò mọ̀.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, bó bá jókòó síwájú mi lọ́la, tó tẹ́wọ́ de àdúrà, ọ̀rọ̀ wo ni kí n kọ́kọ́ sọ?