Èmi Ni Mo Ní Kí Ìyá Felicia Nu Ilẹ̀

Ẹ jókòó. Pásítọ̀, ẹ fi àdúrà sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ ni mo pè yín sí, kì í ṣe ìwòsàn. Jẹjẹrẹ ti dé egungun mi, n kò sì ní gbé òótọ́ yìí wọ ilẹ̀. Lékan, ọmọ mi, má dìde. Bí o bá jáde, n óò sọ ọ́ sókè kí àwọn ará òpópó lè gbọ́. Ìyá Felicia, àna mi, ẹ ṣeun tí ẹ ti Ijanikin wá. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń pè yín ní apọmọjẹ. Mo gbọ́ ọ. Mo dákẹ́. Èmi ni mo bí ọ̀rọ̀ náà.

Gbogbo yín mọ̀ pé ọlọ́pàá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Níbi tí èèyàn bá ti kú ikú tí kò yé ni, èmi ni mo máa ń ta okùn yí ibẹ̀ ká, tí mo máa ń lé èèyàn sẹ́yìn. Ìyá, ọkọ, àlùfáà, mo lé wọn. Wọ́n ní n kò lójú àánú. Ilẹ̀ ibi tí èèyàn kú sí ní ẹnu tó fi ń sọ̀rọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ó yadi nìyẹn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ pé àìmọ̀ ni.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Túsìdeè ni Lékan pè mí láti ilé rẹ̀, nínú Ẹ́síteètì Ìbà níbí. "Bàbá, ẹ máa bọ̀. Felicia yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀." Mo dé, mo bá ìyàwó rẹ̀ ní balùwẹ̀, ó ti kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wà ní kíṣínì. Àmì ọwọ́ Felicia wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, nísàlẹ̀, ibi tí ọwọ́ ẹni tó ń rákò lè dé. Wọ́n ti wọ́ ọ padà láti ibẹ̀. Sálúbàtà ẹnì kan ṣoṣo ló tẹ ẹ̀jẹ̀ náà lọ, tó tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Mo wo ẹsẹ̀ Lékan. Sálúbàtà rẹ̀ ṣì tutù fún ẹ̀jẹ̀. Mo ní, "O lù ú." Ó ní, "Ó ti di ẹrù rẹ̀, Bàbá. Ó fẹ́ kó jáde nílé mi." Mo ní, "Ó ń rákò jáde, o wọ́ ọ padà?" Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí. Kí ni ká ṣe?"

N kò ti ilẹ̀kùn. Mo ṣí i gbayawu, mo bọ́ sí òpópó, mo ké. Ẹ̀yin aládùúgbò sáré wá. Ta ni yóò dúró síta níbi ọ̀fọ̀? Mo fi ìwà ọmọlúàbí yín ṣe ìgbálẹ̀. Ẹ tẹ gbogbo pálọ̀. Àwọn ọkùnrin gbé òkú Felicia sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n na ẹsẹ̀ rẹ̀. Pásítọ̀, ẹ̀yin da òróró sórí ojú ọgbẹ́ náà gan-an. Ẹ má sunkún. Ẹ̀yin kò mọ̀. Èmi mọ̀, mo dúró, mo ń wò yín.

Ṣùgbọ́n ẹnì kankan kò wọ kíṣínì. Ìgbà náà lẹ dé, Ìyá Felicia, láìwé gèlè, bàtà ẹsẹ̀ kan. Ẹ ní, "Bàbá Lékan, ṣé kò yẹ ká dúró de ọlọ́pàá?" Mo ní, "Ta ni ọlọ́pàá bí kò ṣe èmi? Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n máa tẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín mọ́lẹ̀ ni?" Mo gbé garawa àti àkísà fún yín. Mo mú yín dé ibẹ̀ fúnra mi. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ ń nù ún, ẹ ń pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ẹ dé ara ilẹ̀kùn, ẹ dúró. Ẹ ní, "Ọwọ́ rẹ̀ rèé." Mo ní, "Ẹ nù ún." Ẹ sì nù ún. Mo ti rí òkú púpọ̀. N kò rí ohun tó burú tó ìyẹn, èmi ni mo sì ṣe é.

Ọlọ́pàá tí wọ́n rán wá, Caleb, wo ilẹ̀ tó ń dán. "Ta ló fọ ibí?" Mo nàka. "Ìyá òkú ni." N kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Kí a tó sìnkú, ọ̀rọ̀ ti dé Okokomaiko: "Ìyá yẹn ló fi ọmọ rẹ̀ ṣe oògùn owó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ sí?" Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí lẹ sọ ọ́. Lékan ní tirẹ̀ fẹ́ ìyàwó míì, ó ń tajà rẹ̀ lọ ní Àlàbá.

Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe ń pariwo: "Oògùn ìrora ló ń da Bàbá lórí rú!" Pariwo. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Caleb lánàá, ó kọ ọ́, mo tẹ̀ka. Òun náà ló wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá bá irú òkú bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ jókòó síta, ẹ pe ọlọ́pàá. Wọn yóò bú yín. Èébú kì í pa èèyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ tètè fọ ibẹ̀, ojú rẹ̀ ni kí ẹ wò, kì í ṣe ojú ẹni tó mú àkísà.

Ìyá Felicia, n kò lẹ́nu tí mo lè fi ní kí ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ti pè yín ní apọmọjẹ yóò kúnlẹ̀ fún yín lónìí, èmi ni n óò ṣáájú. Ẹ gbé mi sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yìí. Kí lẹ wí, ìyá? Kí wọ́n má fọwọ́ kàn mí? Kí n fúnra mi sọ̀ kalẹ̀?

Ó tọ́. Ẹ sún sẹ́yìn, gbogbo yín.