Ìlà Àlùkò Lórí Nọ́ọ̀tì

Ẹ bá mi gbé ìrọ̀rí yìí sókè díẹ̀, kí n lè rí ojú yín. Ó tó bẹ́ẹ̀. Dókítà ti ní kí wọ́n gbé mi wá sílé, ẹ sì mọ ohun tó máa ń wà lọ́kàn dókítà tó bá sọ irú ẹ̀ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti wú. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ku ọdún kan kó pé ogún, mi ò sì fẹ́ kó pé mọ́ mi lọ́wọ́. Ìwọ ọmọ mi, jókòó. Ọ̀kẹ́rẹ́, mo dúpẹ́ pé o fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ yẹn gun àtẹ̀gùn wá. Ìyàwó mi, fi oògùn yẹn sílẹ̀ ná. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n láyé báyìí, torí ẹnì kejì tó mọ̀ ọ́n ti kú.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé èmi ni mo kọ́ ìyàwó mi níṣẹ́ mẹkáníìkì. Kó tó di ìyàwó mi ló ti ń pè mí ní Ọ̀gá mi, òun náà ló ṣì ń pè mí títí dòní. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín jáàkì àti àpótí ìjókòó. Ṣùgbọ́n ó ní etí. Ọkọ̀ á ṣì wà ní ìkóríta, ìyàwó mi á ti sọ ibi tó ti ń dùn ún. Àwọn oníbàárà wá sọ ọ́ ní Elétí. Inú mi kọ́kọ́ ń dùn, mo ń fọ́nnu kiri pé ọwọ́ mi ló ti jáde. Nígbà tó yá, ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù á kí mi tán, á wá na ọrùn wo ẹ̀yìn mi, á ní, “Elétí ńkọ́?” Ọ̀rọ̀ kékeré ni o. Àmọ́ tí wọ́n bá bi ọ́ ní “Elétí ńkọ́?” nígbà ogójì lóṣù kan, nínú ṣọ́ọ̀bù tí o fi òógùn rẹ dá sílẹ̀, á máa gún ọ nínú. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ mi ń jowú ẹni tó ń wo ìyàwó wọn. Èmi, ìyàwó mi gan-an ni mò ń jowú. Mo ti sọ ọ́.

Ìgbà yẹn ni ìwọ Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé ọkọ̀ pupa rẹ wá, èyí tí o fi ń bá wọn díje ní pápá ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n ti pa tì. Ọmọ mi, o ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, o ò lè rántí. Àìsàn ọkọ̀ náà nìyí: tí awakọ̀ bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì lójijì tó sì tẹná mọ́ ọn, kàkà kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì di ilẹ̀ mú kí ọkọ̀ ta síwájú, ńṣe ni wọ́n á máa fò, gbì-gbì-gbì-gbì. Wọ́n á di ilẹ̀ mú, wọ́n á tú u sílẹ̀, wọ́n á tún dì í mú, títí eyín awakọ̀ á fi máa lu ara wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni irin tó ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti kán. Mẹkáníìkì mẹ́rin ti wò ó tì. Mo ní kí ìwọ Ọ̀kẹ́rẹ́ fi í lé èmi lọ́wọ́. Mo pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, kò gbọ́. Mo pààrọ̀ táyà, kò gbọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi bá a jà, mi ò sì jẹ́ kí ìyàwó mi sún mọ́ ọn. Mo ní kó lọ máa tún bíréèkì ọkọ̀ akẹ́rù ṣe.

Lọ́jọ́ kan tí mo jókòó tí mò ń wo ọkọ̀ náà bí ẹni tí àna rẹ̀ bú, ìyàwó mi wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. “Ọ̀gá mi, ẹ má bínú, ẹ bá mi wà á síwájú díẹ̀. Ẹ gbá a lójijì.” Ó kọ́kọ́ dín atẹ́gùn táyà kù, fífò náà rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó wá fi ẹfun sàmì sára apá irin tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́ ara ọkọ̀, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí kọnkéré, ó ní kí n tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbá a. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. “Kì í ṣe ẹsẹ̀ ló jẹ̀bi, Ọ̀gá mi. Ohun tó di ẹsẹ̀ mú ni kò lè dì í mú mọ́.” Ó fi irin gígùn ti apá náà, ó fi rọ́bà tó wà ní ìdí rẹ̀ hàn mí. Rọ́bà náà ti rọ̀ bí etí. Tí agbára ẹ́ńjìnnì bá dé, rọ́bà á fà títí, á wá ju ẹsẹ̀ padà, á tún fà. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Èmi ti fi ọ̀sẹ̀ méjì wo ewé.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. A kì í di nọ́ọ̀tì rọ́bà yẹn pa nígbà tí ọkọ̀ bá ṣì wà lórí jáàkì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ kalẹ̀ sórí kòtò tí a gbẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró, ká tó wọ inú kòtò lọ dì í. Tí a bá dì í lókè, bí ọkọ̀ bá ti ń délẹ̀ ni rọ́bà á ti lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún, kò sì ní pẹ́ ya. Èmi ni mo kọ́ ìyàwó mi lófin yẹn, ó sì tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó mi, mo rí ọ tí o gbójú sókè. Ní sùúrù fún mi. Nígbà tó ti fi rọ́bà tuntun sí i tó sì dì í tán, ó fa ìlà kọjá lórí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan dé ara irin, pé bí nọ́ọ̀tì bá yí, ìlà á gé. Ọ̀dà èékánná rẹ̀ ló fi fà á, àwọ̀ àlùkò kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti ọ̀nà jíjìn. Mi ò rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹni tó bá fọwọ́ kan iṣẹ́ mi, màá mọ̀.”

Ọ̀kẹ́rẹ́, o wá, o gbá ọkọ̀ náà, kò fò. O fi ọwọ́ méjèèjì bọ ìyàwó mi lọ́wọ́. “Màmá, ta ló kọ́ yín níṣẹ́ yìí?” Ó nàka sí mi: “Ọ̀gá mi nìyẹn.” Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn. Etí mi gbọ́ ọ bí ẹni pé ó ń ṣàánú mi. O wá sọ pé àwọn tó ni pápá náà ń wá ẹni tó máa bójú tó ọkọ̀ mẹ́fà, pé tí tìrẹ kò bá fò lọ́jọ́ ìdíje ńlá, o máa mú ìyàwó mi lọ bá wọn. O sọ pé “Màmá.” O ò sọ pé “ẹ̀yin méjèèjì.” Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Mo kàn ń sọ bí owú ṣe ń ka ọ̀rọ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, eyín ń dun ọmọ, ìyàwó mi gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọkọ̀ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo wọ yàrá wa, mo ṣí àpótí tó wà lábẹ́ dígí, mo mú ìgò ọ̀dà náà. Ọ̀sán gangan ni o, oòrùn ń wò mí. Wẹ́dà tó ń jó irin ní ṣọ́ọ̀bù kejì bá mi gbé ọkọ̀ sókè. Mo tú nọ́ọ̀tì méjì, mo fi epo bẹntiróòlù nu ìlà kúrò, mo sì tún dì wọ́n pa níbẹ̀, lókè, tí ẹsẹ̀ ń fì. Wẹ́dà ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní sọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ tó dì í ni?” Mo ní, “Gbájú mọ́ iná rẹ.” Ó wo ìgò ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ mọ̀,” kò sì sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú. Mo fa ìlà tuntun síbi tí ti àkọ́kọ́ wà. Mo tún fi ẹnu fẹ́ ẹ kó lè tètè gbẹ, bí ìyàwó mi ṣe máa ń fẹ́ èékánná rẹ̀.

Fún ọjọ́ mẹ́wàá, ọkọ̀ náà kò fò. Mo ń bẹ̀rù pé á bàjẹ́, mo sì tún ń bẹ̀rù pé kò ní bàjẹ́. Lọ́jọ́ ìdíje, lójú gbogbo èèyàn, a gbọ́ ọ: gbì-gbì-gbì-gbì. Irin kán, ọkọ̀ pòòyì, ó kọlu ògiri. Ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́, ọmọ ọlọ́mọ. Ibi méjì ló ti ṣẹ́, mo sì wà láàárín àwọn tó ń kígbe “Yéè!”

Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Ìyàwó mi rá wọ abẹ́ ọkọ̀ náà nínú eruku. Ó rí rọ́bà tó lọ́ tó sì ya. Ó rí ìlà àlùkò lórí nọ́ọ̀tì, kò gé. Kò sẹ́ni tó ní ọ̀dà yẹn àfi òun. Nígbà tí a délé, ó kúnlẹ̀ síwájú mi nínú yàrá ìdáná. “Ọ̀gá mi, ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rántí pé mo sọ ọ́ kalẹ̀ kí n tó dì í. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo sọ ọ́ kalẹ̀?” Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo gbé ọwọ́ mi, ọwọ́ yìí kan náà, lé e léjìká. Mo ní, “O ò sọ ọ́ kalẹ̀, Elétí. Mo rí i. Mo rò pé wàá padà síbẹ̀ ni, mi ò fẹ́ dójú tì ọ́.” Ó wá ní, “Ẹ ṣeun, Ọ̀gá mi, tí ẹ ò tàn mí.”

Àtọjọ́ náà ni kò ti di sípánà mú mọ́. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń rán ìbòrí àga ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó tún bi mí pé “Elétí ńkọ́?” Ohun tí mo fẹ́ náà nìyẹn, ó sì korò lẹ́nu mi. Ọmọ mi, o ti rí i bó ṣe máa ń ka oògùn mi lẹ́ẹ̀mẹta, tó máa ń pè ọ́ kí o bá òun tún un kà. O rò pé ọjọ́ ogbó ni. Èmi ni. Èmi ni mo kọ́ ìyá rẹ pé kó má gba ọwọ́ ara rẹ̀ gbọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, o gbé ọkọ̀ rẹ tuntun wá, o ń fi í ṣakọ lábẹ́ fèrèsé mi. O tẹná mọ́ ọn, ẹ̀yìn rẹ̀ sì fò. O pariwo, “Màámi, ẹ gbọ́ ohùn yẹn?” Mo rí ìyá rẹ lójú fèrèsé. Orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi ti ìgbà yẹn. Ó gbọ́ ọ, ó sì mọ ibi tó wà. Ó wá ní, “Mi ò gbọ́ nǹkan kan, ọmọ mi. Lọ pe mẹkáníìkì.” Mo kọjú sí ògiri, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́, mi ò ní ẹnu tí mo lè fi bẹ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́. Ọmọ mi, bí ọwọ́ ẹnì kejì rẹ bá dá ju tìrẹ lọ, tètè fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, kó má baà di májèlé sí ọ nínú. Ìyàwó mi, ìgò náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí yìí. Ó ti gbẹ. Kí o tó ronú àforíjì, gba ohun tí mo jí lọ́wọ́ rẹ ná. Mo rí ọ lọ́jọ́ náà. O sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀. O fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ò ń sọ fún un pé “jókòó, jókòó, jókòó,” bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, kí o tó wọ inú kòtò. Ohun tí o rántí náà ló ṣẹlẹ̀. Tí o bá fẹ́, má dárí jì mí títí tí màá fi kú. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ọkọ̀ ọmọ wa.