Ohun Tí Mo Kà Nínú Agolo Àwọn Ọmọdé

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin mọ́kànlá tí ẹ wá kọ́ bí a ṣe ń darí ẹgbẹ́ yóga àti ìfarabalẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, mo mọ̀ pé ẹ ń retí kí n ní kí ẹ mí kanlẹ̀. A óò mí bó bá yá. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti pé ọdún méjìdínlógún, ó sì ti tó gẹ́ẹ́ kó jáde. Ẹ má wò mí bí ẹni tó fẹ́ kú; kò sí ohun tó ń ṣe mí àfi orúnkún. Ṣùgbọ́n n kò lè fa iṣẹ́ yìí lé yín lọ́wọ́, kí n sì fi ohun tí mo ti fi ṣe pamọ́ fún yín.

Nígbà náà, ilé-ìwé mẹ́ta ni mo ń lọ lọ́sẹ̀. Ọjọ́rú ni ti ilé-ìwé tí mo ń sọ yìí. Bí agogo ìjáde bá ti lù, èmi àti ìyá onígbálẹ̀ a sún àwọn tábìlì yàrá ìjẹun mọ́ ògiri, a tẹ́ ẹní rọ́bà mọ́kàndínlógún, àwọn ọmọ a bọ́ bàtà, òórùn ìbọ̀sẹ̀ a sì gba gbogbo ilé. A óò dúró bí igi, a óò na ẹ̀yìn bí ológbò, a óò máa ju ẹsẹ̀ bí labalábá ṣe ń ju ìyẹ́. Lẹ́yìn náà a óò dùbúlẹ̀, a óò di ojú, a óò máa gbọ́ èémí ara wa. Àwọn ọmọ ló sọ mí ní Àǹtí Míkanlẹ̀. Orúkọ náà dùn mọ́ mi ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ.

Èmi fúnra mi ni mo dá ọgbọ́n agolo sílẹ̀. Agolo bisikíìtì ńlá kan ni, mo lu ihò sí ìdérí rẹ̀. Kí a tó dùbúlẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan a kọ ohun tó wúwo lọ́kàn rẹ̀ sórí bébà, a ká a, a jù ú sínú agolo. Mo ṣèlérí fún wọn pé, “Kò sẹ́ni tó máa kà á. Bí ẹ bá ti lọ, inú garawa omi ni mo ń da gbogbo rẹ̀ sí títí yóò fi rà.” Odidi sáà kan ni mo fi ṣe bí mo ṣe wí.

Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Láti kékeré, bí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ẹsẹ̀ mi kì í lè kúrò níbẹ̀. Ìyá mi a máa ní, “Ọmọ yìí, etí rẹ á gùn ju ti ehoro lọ.” Ní Ọjọ́rú kan, bébà kan tú fúnra rẹ̀ lójú omi. Mo rí ìlà kan: “Bàbá mi ò lọ síbi iṣẹ́ mọ́, èmi nìkan ni mo mọ̀.” Èmi àgbàlagbà, mo ki ọwọ́ bọ inú garawa, mo yọ ọ́, mo fi aṣọ ìnura tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Mo sọ fún ara mi pé nítorí ààbò ọmọ náà ni. Irọ́ ni. Mo fẹ́ mọ̀ ni.

Mo dá ọwọ́ ìkọ̀wé náà mọ̀. Ti ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ni, tí a ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé bó bá ń rìn, ilẹ̀ kì í gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bébà tirẹ̀ ni mo ń kọ́kọ́ wá. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń retí ìtàn àtìgbàdégbà lórí rédíò ni mo ṣe ń retí Ọjọ́rú. “Ó ń wọ táì, ó ń gbé báàgì, ó ń lọ jókòó sí ilé ìkàwé.” “Mo rí i nígbà tí kíláàsì wa lọ síbẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún màmá.” “Màmá bi mí pé kí ló dé tí mi ò jẹun.” Bí mo bá ti ń kà á, inú mi a máa dùn. Ọlọ́run dárí jì mí, a máa dùn.

Nígbà tó yá, bébà nìkan kò tó mi mọ́. Mo lọ sí ilé ìkàwé náà ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan. Mo bá ọkùnrin náà nídìí fèrèsé, táì aláwọ̀ ewé lọ́rùn, ó ń ka ojú ìwé ìpolówó iṣẹ́, ó ń fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí i. Nígbà tí aago méjìlá lù, ó yọ búrẹ́dì láti inú báàgì, ó kẹ́yìn sí ẹni tó ń tọ́jú ìwé, ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jalè, nítorí a kì í jẹun níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, “Ẹ̀yin náà ń wá iṣẹ́ ni, mà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àṣírí ẹlòmíràn lẹ́nu, omi gbígbóná ni. Kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé fi sẹ́nu. Mo tú u fún akọ̀wé ilé-ìwé, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ máa ń mu tíì kí ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní, “Ìwọ nìkan ni mo sọ fún o.” Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní, “Hẹ̀n-ẹ́n! Kí ló tún kọ lọ́sẹ̀ yìí?” Bí àwa méjèèjì ṣe di olùkà nìyẹn. Ẹ kúkú mọ bí “ìwọ nìkan” ṣe ń rìn. Ó sọ fún àbúrò rẹ̀, ibi tí àbúrò rẹ̀ ti ń dirun ni ìyá Jẹ́jẹ́ náà ti ń dirun. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tó fi dé etí ìyá náà.

Ìyá náà fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí. Obìnrin náà kò pariwo. Ó ní, “Iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi kọ́ ló dùn mí. Iwájú dígí onídìrí ni mo ti gbọ́ ọ, tí àwọn ènìyàn ń fi mí rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ ò sì bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀ mọ́ láti àná, ó ní ó da òun.” Jẹ́jẹ́ gbójú sókè. “Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Inú agolo ni mo kọ ọ́ sí. Àǹtí ní kò sẹ́ni tó máa kà á.”

Ọ̀gá wò mí. “Ta ló ń rí agolo náà?”

Ẹ gbọ́ èsì mi. Mo ní, “Yàrá ìkẹ́rù ni mo ń gbé e sí kí n tó da ohun inú rẹ̀ nù, sà. Ọwọ́ ìyá onígbálẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ máa ń wà.” Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò sí irọ́ kan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, láyé mi n kò tíì pa irọ́ tó tó ìyẹn. Akọ̀wé ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò gbé orí sókè.

Wọ́n pe ìyá onígbálẹ̀. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi wà gan-an la dé yìí. Ìyá náà kò mọ̀wé kà. Kò mọ lẹ́tà kan yàtọ̀ sí èkejì. Nínú gbogbo ilé-ìwé, èmi nìkan ni mo mọ̀, nítorí èmi ni mo máa ń bá a ka ìwé tí ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ń kọ sí i. Yàrá ìkẹ́rù ni a ti máa ń kà á, a ó ti ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Ojú ń tì í gidigidi.

Ọ̀gá ní, “Ṣé ẹ̀yin lẹ ka bébà àwọn ọmọ?”

Ó ní, “Èmi kẹ̀?” Ó yíjú sí mi. Ó ń wò mí. Ẹ̀yin ọmọ mi, gbólóhùn kan péré ni: ìyá yìí kò lè kàwé. Èmi tí mo ti ń fọ́n àṣírí ọmọdé kiri bí ẹni ń fọ́n oúnjẹ fún adìẹ, èyí tó yẹ kí n tú ni mo pa mọ́. Bàtà mi ni mo ń wò. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó fa kọ́kọ́rọ́ lé ọ̀gá lọ́wọ́, ó kí gbogbo wa pé ó dàbọ̀, ó kí èmi náà. Akọ̀wé bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Bí o bá tú u, àwa méjèèjì là ń lọ sílé o.” Kò yẹ kó yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Mo ti pinnu.

Mo gbọ́ pé ìyá Jẹ́jẹ́ lọ bá ọkọ rẹ̀ ní ilé ìkàwé, ó jókòó tì í, wọ́n jọ ń fa ìlà sí ìpolówó iṣẹ́. Inú mi dùn fún wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò wá sí ẹgbẹ́ mọ́. Ó ti di abiyamọ báyìí. Mo wá a rí, mo jẹ́wọ́ fún un, mo sì tọrọ àyè kí n tó bá yín sọ ohun tó kọ. Ó ní, “Ẹ sọ ọ́. Ẹ má dárúkọ mi.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó tì mí débi ìjẹ́wọ́ ni pé lóṣù tó kọjá, mo pàdé ìyá onígbálẹ̀ níbi tí a ti ń tọ́jú ojú, èmi fẹ́ gba awò tuntun, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló mú un wá. Ó gbọ́ ohùn mi, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní fún ọmọ rẹ̀, “Tíṣà tí mo máa ń sọ nìyí! Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fìyà jẹ mí, ó mọ̀ pé mi ò mọ̀wé, kò tú mi fó níwájú wọn. Ó bò mí láṣìírí. Kò sí òwúrọ̀ tí mi ò fi orúkọ rẹ̀ sínú àdúrà.” Ọdún méjìdínlógún! Ó ń gbàdúrà fún mi!

Mo lọ sílé rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé yìí, mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tí ẹ mọ̀ yìí, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, “Nígbà tí mo wò ọ́ lọ́jọ́ náà, ṣé o mọ ohun tí mo ń bẹ̀?” Mo ní, “Mo mọ̀, mà.” Ó ní, “Mo fẹ́ kí o sọ ọ́. Mo ń bẹ̀ ọ́ pé kí o dójú tì mí.” Ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí èjìká mi. “Dìde, máa lọ. Jẹ́ kí n rò ó. Padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀.”

Mo ti kọ̀wé sí ilé-ìwé náà pé ìyá onígbálẹ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i pé èmi ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwọn ọmọ yóò di ojú wọn níwájú yín, wọn óò sì gbà yín gbọ́. Ohun tó bá lè pa ọmọ lára, ẹ gbé e tọ ẹni tó lè gbà á sílẹ̀, ní gbangba, pẹ̀lú orúkọ yín. Èyí tó kù, ẹ má ṣe tọ́ ọ wò rárá, nítorí ó ń dùn. Ẹ foríjì mí. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ irú mi mọ́ lè máa lọ, n kò ní bínú. Ọ̀la ni ọjọ́ Jímọ̀, n kò sì mọ ohun tí ìyá náà máa sọ. Bó bá ní òun ò dárí jì mí, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Màá kí i pé ó dàbọ̀, bó ṣe kí mi.