Bá Mi Yọ Fọ́tò Yẹn Lára Ògiri

[Fóònù ń dún. Ariwo ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì.]

ÀBÚRÒ: Hẹ́lòó? Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ kú ọ̀sán, sà. Màmá ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Màmá ń sùn. Àwọn ìbejì wà níléèwé. Ibo lo wà?

ÀBÚRÒ: Inú bọ́ọ̀sì. Mo ti ń padà—

Ẹ̀GBỌ́N: Padà síbo? Ṣebí àná lo dé!

ÀBÚRÒ: Wọ́n ń dúró dè mí níbòmíì, sà. Mo ti kúrò nílùú bíi wákàtí mẹ́ta. Kí ló dé?

Ẹ̀GBỌ́N: Kò sí nǹkan. Àwọn fọ́tò tó o pàtẹ sí gbọ̀ngán yẹn, ìṣó lo fi kàn wọ́n mọ́ ògiri ni, àbí gọ́ọ̀mù?

ÀBÚRÒ: [ẹ̀rín] Okùn ni mo fi gbé wọn kọ́. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Ẹ̀GBỌ́N: Èèyàn ò lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àbúrò ẹ̀ mọ́? Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀?

ÀBÚRÒ: Bàbá aṣọ́nà. Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn látàárọ̀. Èrò ti—

Ẹ̀GBỌ́N: Pe bàbá náà. Ní kó yọ tèmi.

ÀBÚRÒ: Ẹ ní kí—? Network yìí! Ẹ ń gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní kó yọ fọ́tò mi lára ògiri! Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́. Ẹ̀gbọ́n, tiyín ló dáa jù! Ọdún kan gbáko ni mo fi wọ bọ́ọ̀sì kiri, tí mo ń wá gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé kó tó kógbá wọlé. Ìlú mẹ́sàn-án! Ẹni tó ń di ìwé ti ń ṣọ́ géètì. Ọ̀gá tó ń to lẹ́tà ń fi alùpùpù gbé èrò. Ẹnì kan ò kọ̀ fún mi—

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé èmi kọ̀? O bá mi nílé ìgbọ̀nsẹ̀ ibùdókọ̀, mọ́ọ̀pù wà lọ́wọ́ mi, mo ní máa yà á. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín fún ẹ, èmi ọ̀dẹ̀. O ní ìlú òkèèrè lo ń gbé e lọ.

ÀBÚRÒ: Mo gbé e débẹ̀. Ìlú tiwa ló kẹ́yìn. Mo ní káwọn èèyàn wa náà rí i.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́?

[Bọ́ọ̀sì fọn fèrè.]

ÀBÚRÒ: Ẹ má bínú, sà. Ṣùgbọ́n ìtìjú wo ló wà níbẹ̀? Ẹ ò jalè. Ẹ ò ṣe gbájúẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Gbájúẹ̀ ni mo ṣe. Ìyá ìbejì ò mọ̀.

ÀBÚRÒ: Wọn ò mọ kí ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Kò mọ̀ pé ilé ìtẹ̀wé ti kú! Ṣé o gbọ́ mi? Láràárọ̀ ni mò ń wọ aṣọ tó ní orúkọ wọn láyà jáde nílé. Ibùdókọ̀ ni mo ti ń pààrọ̀ ẹ̀.

ÀBÚRÒ: Yéè! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà?

Ẹ̀GBỌ́N: Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò lè sọ ọ́ ni. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti di irọ́. Mo tún wá ní wọ́n fún mi ní promotion.

ÀBÚRÒ: Promotion! Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti tì pa?

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀rín ń pa ẹ́? Àìsàn Màmá dé, ìwọ wà lójú ọ̀nà, ta ló máa jókòó tì wọ́n? Mo ní kí ìyá ìbejì fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, pé owó ọ̀gá tí mo dà máa tó wa. Ó sunkún lọ́jọ́ tó kọ lẹ́tà yẹn. Ọdún mẹ́rìnlá! Ó gbé e sílẹ̀ torí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Ṣé o gbọ́ mi báyìí?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́, sà.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gba ìsinmi lónìí, oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, mo bá ìwé lórí tábìlì. Ó ní òun lọ wo àwòrán àbúrò ọkọ òun, kí n má fi Màmá nìkan sílẹ̀. Ta ló sọ fún un? Ta ni—

ÀBÚRÒ: Èmi ni mo pè wọ́n.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ!

ÀBÚRÒ: Mo rò pé wọ́n mọ̀! Ta ló máa rò pé—

Ẹ̀GBỌ́N: Pe aṣọ́nà! Ó lè má tíì débẹ̀. Kó fi aṣọ bò ó, kó dojú ẹ̀ kọ ògiri, ohunkóhun tó bá ṣáà—

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lò ń dúró dè?

ÀBÚRÒ: Wọ́n ti débẹ̀. Wọ́n pè mí ní nǹkan bíi wákàtí kan sẹ́yìn.

[Ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì ń kùn.]

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló sọ?

ÀBÚRÒ: Wọ́n ní àwọn fọ́tò náà dáa. Wọ́n wá bi mí pé ìgbà wo ni mo ya tiyín.

Ẹ̀GBỌ́N: O purọ́ fún un. Sọ fún mi pé o purọ́.

ÀBÚRÒ: Mo sọ oṣù tí mo yà á. Mi ò mọ̀! Wọ́n ní, "Ó dáa, ọkọ mi, ẹ ṣeun," wọ́n sì pa fóònù.

Ẹ̀GBỌ́N: O ti pa mí. Ó ti wá mọ̀ pé mo ti ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kó tó kọ lẹ́tà yẹn. Rárá, ìwọ kọ́. Èmi ni mo pa ara mi.

ÀBÚRÒ: Màá sọ̀ kalẹ̀ níbí. Màá wọ ọkọ̀ padà, màá bá yín bẹ̀ wọ́n.

Ẹ̀GBỌ́N: Bẹ̀ ẹ́ pé kí ni? Ṣé ẹ̀bẹ̀ ló máa gba iṣẹ́ ẹ̀ padà? Wọ́n ti fi ẹlòmíì síbẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá mú ìbejì lọ síléèwé ló ń bá a pàdé ní kíláàsì tó jẹ́ tiẹ̀. Kò sí ohun tá a lè ṣe sí i mọ́.

[Ilẹ̀kùn ń ṣí.]

Ẹ̀GBỌ́N: [ohùn kẹ́lẹ́] Òun nìyẹn.

ÀBÚRÒ: Ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Ẹ dọ̀bálẹ̀ pàápàá!

Ẹ̀GBỌ́N: Jọ̀ọ́, má pa fóònù. Ó ti bọ́ bàtà. Ó yọjú sí Màmá. Kò wo apá ibi tí mo wà rárá.

ÀBÚRÒ: Ẹ fún wọn ní fóònù. Ẹ ń gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ń bọ̀. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dání.

ÀBÚRÒ: Áyọ́ọ̀nù kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ sún sẹ́yìn—

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti ki wáyà ẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ń sọ̀rọ̀... ó ní aṣọ—

ÀBÚRÒ: Mi ò gbọ́! Kí ni wọ́n ní?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ní ibi iṣẹ́ wo ni mò ń lọ lọ́la, kóun lè mọ aṣọ tóun máa lọ̀. Ṣé o gbọ́ mi? Àbúrò, kí ni kí n sọ fún un? Ṣé o gbọ́—

[Ìpè já.]